Ta Ló Sanwó Ìnáwó Yìí? Láti Ilé Kòkó dé FESTAC 77

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín: ìnáwó. Òun la fi ń pe owó tí ìjọba ná sórí afárá, òun náà la fi ń pe òkú àgbà tí wọ́n pa màlúù sí, tí wọ́n ta kánópì dí títì pa. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ìnáwó, a kì í dúró lójú agbo ká máa bi í pé níbo lo ti rówó. Ẹ̀yìn ìnáwó ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni tó fi àga àti kánópì háyà bá dé láti wá gba owó rẹ̀.

Ìbéèrè ẹ̀yìn ìnáwó la fẹ́ bi Nàìjíríà nínú àròkọ yìí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń pe ayé wá sílé: ìjà ẹ̀ṣẹ́, eré ìdárayá, àjọ̀dún àṣà, ọjà àgbáyé. Iṣẹ́ wa ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, a kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kọ́ wa láti máa tọ ipasẹ̀ nǹkan: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ibi tó ti ń jò. Bí a ṣe tọ ipasẹ̀ owó àwọn ayẹyẹ wọ̀nyí, ojú kan náà ló ń gbé wa dé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn fún àlejò òkèèrè, òkèèrè náà ló ti máa ra ọ̀pọ̀ nínú ohun tó fẹ́ fi kọ́ ọ: irin, gíláàsì, ẹ̀rọ amúlétutù, àní sìmẹ́ǹtì. Òkèèrè kì í sì í gba owó tiwa, pọ́ùn tàbí dọ́là ni wọ́n ń gbà. Níbo la ó ti rí dọ́là? Inú ohun tí a bá tà fún wọn ni. Ohun tí a tà yẹn ló ń pinnu irú ìnáwó tí a ó ṣe, ẹni tí yóò béèrè ìṣirò, àti ohun tí yóò ṣẹ́kù nígbà tí àlejò bá lọ tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó.

Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò kan ní Èkó, dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọ́n, lẹ́yìn Agége. Láti apá ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti kó èso náà lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ìjọba ò mọ̀ nípa rẹ̀. Àgbẹ̀ ló yá owó, òun ló gba ilẹ̀, òun ló dúró ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún kí igi tó so. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960 sí 1970, Ghana nìkan ló ń ṣíwájú Nàìjíríà nínú títa kòkó lágbàáyé.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í ta kòkó rẹ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1947 ni Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ti wà, nígbà tó sì di 1954, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: Bọ́ọ̀dù á dá iye kan lé tọ́ọ̀nù kòkó kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣojú tó ní ìwé àṣẹ á wọ oko lọ rà á ní iye yẹn, Bọ́ọ̀dù á sì tà á ní iye tí ayé ń rà á. Èyí tó bá lé, wọ́n á fi í pamọ́. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ tí ọjà bá já ni, kí wọ́n lè fi gbé àgbẹ̀ ró. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí owó tó wà nínú kóló ṣe máa ń rí, ojú onílé kì í kúrò lára rẹ̀. Owó ìpamọ́ yẹn di àpò ìjọba, owó orí tí a kò pè ní owó orí.

A ò lè sọ pé wọ́n ná an ní ìnákúnàá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, owó kòkó wà nínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní 1960, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó parí ní 1965 ní Dùgbẹ̀, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ilé gíga yẹn gan-an ni Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló di Cocoa House lẹ́nu gbogbo èèyàn, tí Yorùbá sì ń pè ní Ilé Kòkó.

Inú pápá Liberty yẹn ni Nàìjíríà ti gba ọ̀kan nínú àwọn àlejò ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Ígbò láti Amaigbo, gba Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà lálejò níbẹ̀. Ó jẹ́ ìgbà kẹta tí wọ́n máa pàdé. Tiger ti borí ní San Francisco ní 1962, wọ́n sì ta ọ̀mì ní Las Vegas ní oṣù Kejì ọdún 1963. Ní Ìbàdàn, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wa lu Fullmer débi pé kò lè jáde fún abala kẹjọ. Ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò tíì gba ìjà bẹ́ẹ̀ lálejò rí, ìjà tí adé àgbáyé wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wù wá nínú ìtàn yìí ni pé wọn ò kọ́ pápá nítorí ìjà náà. Pápá ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ iléèwé ti ń sáré nínú rẹ̀. Àlejò kan wá, ó jókòó sórí àga tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó ni àga náà ṣì ń bọ̀ wá béèrè. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ dìde. Agbẹ́kọ̀yà la mọ̀ wọ́n sí. Tàfá Adéoyè wà lára àwọn olórí wọn. Owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn agbowó-orí ń jẹ wọ́n níyà, iye tí wọ́n ń san fún kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko wọn sì ti bàjẹ́. Wọ́n ya wọ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ti àgbẹ̀ àti ti ọlọ́pàá. Níkẹyìn, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló wọ inú oko lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì bu owó orí náà kù sí pọ́ùn méjì.

Àwọn kan máa ń ka Agbẹ́kọ̀yà sí ìjà owó orí lásán. Ojú tí àwa fi ń wò ó yàtọ̀ díẹ̀. Owó tó kọ́ Ìbàdàn ní olówó tó mọ̀ pé òun lòun ni ín. Ó mọ iye àpò tó kó jáde lóko, ó mọ iye tí wọ́n fún un, ó sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí Ilé Àwọn Àgbẹ̀ tó ga lókè Dùgbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ò lè dé abúlé tirẹ̀. Ìjọba tó bá ń jẹun lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan á wà tí ẹni náà á di í lẹ́wù mú.

Epo rọ̀bì ni kò ní irú olówó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rí epo ní Oloibiri ní 1956, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé e jáde ní 1958. Fún bí ọdún mẹ́wàá, kò ju kí ó máa bá kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa rìn lọ. Lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Àárín Gbùngbùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn Lárúbáwá dáwọ́ epo dúró, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1974, àgbá epo tó ń tà ní bíi dọ́là mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé dọ́là méjìlá. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà ọjà tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun, ó lé ní 90 tó jẹ́ ti epo. Ẹni tó bá ti kọ ètò kọ̀ǹpútà rí mọ ìbẹ̀rù tó wà nínú ìṣirò yẹn: nǹkan ńlá tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn èèyàn Delta tí ilẹ̀ àti odò wọn ń bàjẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ wọn ni owó náà ti ń kọjá. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń wa epo, ó ń san owó fún ìjọba àpapọ̀, ó tán. Kò sí àgbẹ̀ kankan láàárín. Bí òjò ni owó náà ṣe rọ̀ sórí Èkó. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, ká tó rí owó yẹn rárá, Èkó ti gba Eré Gbogbo Áfíríkà kejì lálejò ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí náírà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Àríyá yẹn mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Udoji dé, wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ oṣù tó ti kọjá pọ̀. Àwọn àgbà ṣì ń sọ bí gbogbo ilé ṣe ra ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tuntun.

Nígbà tó di 1975, sìmẹ́ǹtì dé. Ìjọba ológun Gowon fẹ́ kọ́ bárékè, títì, ilé àti gbọ̀ngàn, wọ́n sì ra sìmẹ́ǹtì bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ ètò ààbò nìkan ra mílíọ̀nù 16. Ẹ má gbàgbé pé kọ̀ǹpútà ò sí níbi kankan tó máa pariwo pé nọ́ńbà yìí ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìṣirò ọmọ iléèwé lè mọ̀ pé Àpápá kò lè já irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sí ẹnu òkun Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ru sìmẹ́ǹtì. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹni tó pè é ló ń sanwó ìdúró rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé dídúró gan-an ni èrè wọn. Ọtí, oúnjẹ, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó ní iṣẹ́ gidi láti ṣe, gbogbo wọn ń dúró lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì mìíràn sì ti dì sínú ọkọ̀.

Nígbà tí Murtala gba ìjọba ní oṣù Keje ọdún 1975, wọ́n dá owó dúró, àwọn olùtajà sì gbé wa lọ ilé ẹjọ́. Ní 1977, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Trendtex pe Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lórí sìmẹ́ǹtì bárékè: báńkì náà kò lè sá sábẹ́ àpáta pé ìjọba lòun. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin káàkiri ayé ń ka ẹjọ́ yẹn. Ìyẹn náà jẹ́ nǹkan tí a fi ránṣẹ́ sókè òkun.

Inú ọdún 1977 kan náà ni FESTAC. Dakar ti ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1966, Nàìjíríà gba èkejì. Wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un. Níkẹyìn ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ó parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ó lé ní 15,000 èèyàn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy ti Bulgaria ló kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá ní Iganmu, tó dà bíi fìlà sójà, tí ìjókòó inú gbọ̀ngàn rẹ̀ ńlá tó 5,000. Ní Kàdúná, wọ́n gun ẹṣin Durbar. Stevie Wonder wá, Miriam Makeba wá, Gilberto Gil wá láti Brazil, ohun tó rí níbí sì wọ inú àwo Refavela tó gbé jáde lọ́dún yẹn.

Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú eyín erin Ìyá-ọba Idia. Láti 1897 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó Benin ni ó ti kúrò nílé. Nàìjíríà ní kí wọ́n yá òun, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Àwọn agbẹ́gilére Benin ló gbẹ́ òmíràn. Àwa máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tó ti ilẹ̀ yìí dé òkèèrè, àwọn tó níyì jù lọ ni kò ní ríṣíìtì.

Fela kọ̀, kò bá wọn ṣe é. Ilé ìṣeré tirẹ̀ ni àwọn àlejò ń wá lálẹ́, ó sì ń sọ ohun tó ń sọ nípa àwọn ológun fún wọn. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí FESTAC parí, àwọn sójà jó ilé rẹ̀. Ẹni tó béèrè lójú agbo nìyẹn.

Ṣé FESTAC wá bàjẹ́ ni? Rárá o. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń fi ẹ̀rín rántí rẹ̀, a ò sì fẹ́ gba ìdùnnú wọn lọ́wọ́ wọn. Kí ọmọ ẹrú láti Amẹ́ríkà àti Brazil padà wá jó ní Èkó, kì í ṣe ohun tí a lè fi dọ́là wọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé ìṣirò ló ń dà wá láàmú.

Lọ́dún yẹn gan-an, ìwé ìròyìn The Economist fún àìsàn kan lórúkọ: àrùn àwọn ará Netherlands. Wọ́n rí gáàsì nílẹ̀ wọn, owó wọlé, owó wọn le, àwọn iléeṣẹ́ wọn tó ń ta nǹkan mìíràn sì rọ. Nàìjíríà ń ṣàìsàn yẹn láìmọ orúkọ rẹ̀. Náírà kan ń gba bíi dọ́là kan àti àbọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi oko ṣe é: ká ní tọ́ọ̀nù kòkó kan ń tà ní dọ́là 3,000. Bí náírà kan bá jẹ́ dọ́là kan, náírà 3,000 ni. Bí náírà kan bá jẹ́ dọ́là kan àti àbọ̀, ó di náírà 2,000, kí Bọ́ọ̀dù tó yọ tiwọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, owó lébìrà ń lọ sókè nítorí gbogbo ọ̀dọ́ ti ru báàgì lọ sí Èkó lọ po kọnkéré. Ìrẹsì òkèèrè sì dínwó ju èyí tí wọ́n gbìn ní Òfàdà lọ. Kí ni àgbẹ̀ máa dúró ṣe? Kòkó tó lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù ní 1970/71 já wálẹ̀ títí, nígbà tó fi máa di àárín 1980 sí 1990, ó ti sún mọ́ 100,000. Àwọn igi tí bàbá gbìn di arúgbó, kò sẹ́ni tó tún un gbìn.

Nígbà tí owó epo wá já ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kò sí kòkó tí a máa sá padà sí. Ilé Kòkó jóná ní oṣù Kìíní ọdún 1985. Ní 1986, wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká, wọ́n sì jẹ́ kí náírà já.

Ohun tó kù nílẹ̀ yani lẹ́nu. Gbọ̀ngàn Iganmu ń jò, ó ṣókùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí owó àwọn báńkì tó tún un ṣe, kí wọ́n sì tó fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é ní 2024. Pápá Sùúrùlérè hu koríko. Ṣùgbọ́n Festac Town, tí wọ́n kọ́ láti fi dá àwọn àlejò sùn, ni wọ́n fi bálọ́ọ̀tì pín fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ayẹyẹ, àwọn èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí gọ́tà. Bí a bá ní ká wo èyí tó tún ọrọ̀ ajé ẹnikẹ́ni ṣe nínú ìnáwó 1977, ibùsùn àlejò la ó tọ́ka sí.

A ò sọ èyí nítorí àtijọ́ nìkan. Àbújá kọ́ pápá oníjókòó 60,000 fún Eré Gbogbo Áfíríkà ti 2003. Ó bá Glasgow du Eré Commonwealth 2014, ó pàdánù. Ó tún du ti 2030, Ahmedabad ti Íńdíà ló gbé e ní 2025. A máa tún du òmíràn, ó dá wa lójú. Àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti Yábàá fún ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù àti Berlin, ọjà tí à ń tà sókè òkun ni iṣẹ́ wa náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já, ó wá dà bíi pé a gbọ́n ju àwọn bàbá wa lọ. Irọ́ ni. Náírà tó le ló pa àgbẹ̀ 1977, náírà tó rọ̀ ló gbé wa. Nígbà tí kòkó kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024, oko tó yẹ kó jẹ èrè yẹn ti dàgbó ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ gbàlejò lọ́la, ohun tí a fẹ́ kó kọ́kọ́ ṣí hàn wá ni ìwé ohun tí a máa tà láti fi san án, kí yíya àwòrán pápá tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé kan kù tí a ò tíì dárúkọ. Ní 1977 yẹn náà, lẹ́yìn FESTAC, ìjọba ṣí Trade Fair ní títì Badagry, àwọn ará Yugoslavia ló kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ ọ kí ayé lè máa wá wo ohun tí Nàìjíríà ń ṣe, kí wọ́n sì rà á. Ọjà ni lóòótọ́, ó sì ń tà gan-an. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ ó rí páàtì mọ́tò láti Japan, Jámánì àti Ṣáínà, ẹ ó rí báàgì, bàtà àti tẹlifíṣọ̀n. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tírélà tó já ẹrù wọ̀nyẹn á to ara wọn sí títì, wọ́n ń gbé kọ̀ńtéénà padà lọ sí Àpápá, òfìfo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.